Ìwọ̀n Máàpù àti Ìdojúkọ Kọ́ńpáàsì ní Agbègbè Ará àti Èjìgbò

1. Ìfáàrà

Ìbéèrè méjì ni ẹni tí ó bá fẹ́ rin ilẹ̀ tí kò mọ̀ máa ń bi onílẹ̀: apá ibo ni, báwo ni ó sì ṣe jìnnà tó? Ní Ará, ní Èjìgbò àti ní àwọn abúlé tí ó yí wọn ká, ìdáhùn tí àlejò sábà máa ń gbà ni pé kí ó gba ẹ̀yìn ọjà, kí ó dá odò kọjá, kí ó yà ní ìdí ìrókò, oko náà kò sì jìnnà mọ́. Ìdáhùn yìí péye fún ẹni tí ó mọ ọjà, tí ó mọ odò, tí ó sì mọ ìrókò náà. Àlejò kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Yàtọ̀ sí èyí, 'kò jìnnà' lẹ́nu àgbẹ̀ tí ó ti ń rin ọ̀nà oko láti kékeré lè tó ibùsọ̀ mẹ́rin.

Ìwọ̀n máàpù ni ó ń dáhùn ìbéèrè jíjìnnà. Kọ́ńpáàsì ni ó ń dáhùn ìbéèrè apá ibo. Nínú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ń kọ́ fún ìdánwò WAEC, wọ́n máa ń kọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé wọn kì í gbó bákan náà. Jíjìnnà tí wọ́n wọ̀n sórí máàpù ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ṣì péye lónìí; àríwá kọ́ńpáàsì tí wọ́n tẹ̀ sí etí máàpù kan náà ti yẹ̀ kúrò níbi tí ó wà. Ẹni tí ó bá gba ìkíní gbọ́ kò ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba ìkejì gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò lè ṣìnà nínú igbó, ó sì tún lè fi ilẹ̀ ẹlòmíràn ṣe tirẹ̀ láìmọ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ díẹ̀ wáyé lórí èdè tí iṣẹ́ yìí lò. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Bám̀gbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, jẹ́ ti ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Kò dé orí ìmọ̀ ilẹ̀ wíwọ̀n. Nítorí náà, 'ìwọ̀n máàpù' níhìn-ín ni iye ìgbà tí ilẹ̀ fi tóbi ju àwòrán rẹ̀ lọ. 'Ìdojúkọ' ni igun tí ó wà láàrin àríwá àti ibi tí ènìyàn kọjú sí, tí wọ́n kà láti àríwá gba ìlà oòrùn yípo, láti dígírì 0 títí dé 360. 'Ìyapa àríwá' ni igun tí ó wà láàrin àríwá tòótọ́ àti ibi tí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ń tọ́ka sí.

2. Ìwé máàpù tí agbègbè yìí bọ́ sí

Ọ́fíìsì ìwọnlẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹ̀ka ìwọnlẹ̀ òkè òkun ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946, ni ó ṣe àwọn máàpù ńláńlá tí a mọ̀ ní Nàìjíríà. Láti inú fọ́tò tí wọ́n yà láti inú ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti fa púpọ̀ nínú wọn yọ. Wọ́n pín gbogbo orílẹ̀-èdè sí onígunmẹ́rin, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì dígírì, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àti orúkọ ìlú kan. Èyí ni máàpù 1:100,000. Wọ́n tún pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin láti ṣe máàpù 1:50,000, tí wọ́n ń fi NE, NW, SE àti SW dá mọ̀.

Èjìgbò wà ní nǹkan bí 7°54′ ní àríwá àti 4°19′ ní ìlà oòrùn. Inú ìwé 242, tí ń jẹ́ Ìwó, ni ó bọ́ sí, ní igun NE. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú tí ará Èjìgbò ń bá ra, tí wọ́n ń bá tà, kò sí nínú ìwé kan náà. Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní ìwé 222 tí ó jẹ́ tirẹ̀. Òṣogbo wà ní ìwé 243, tí ń jẹ́ Iléṣà. Ẹni tí ó bá sì ti Èjìgbò gba Ará lọ sí Ẹdẹ yóò bọ́ sí igun SE kí ó tó dé àárín ìlú Ẹdẹ, nítorí ìlà 7°45′ tí ó pààlà sáàárín NE àti SE kọjá létí Ẹdẹ gan-an. Àwọn tí wọ́n fa ìlà wọ̀nyí kò ro ti ọjà tàbí ti ọba. Ìràwọ̀ àti ìṣirò ni wọ́n tẹ̀ lé. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde lọ ṣe ìwádìí, ó ní láti mọ iye ìwé tí yóò lẹ̀ pọ̀.

Oore kan wà tí agbègbè yìí rí gbà láìbéèrè. Lórí máàpù Nàìjíríà, àríwá mẹ́ta ni ó wà: àríwá tòótọ́, àríwá kọ́ńpáàsì, àti àríwá àwọn ìlà onígunmẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sórí máàpù. Ní ọ̀pọ̀ ibi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ènìyàn ní láti ṣírò. Ṣùgbọ́n ìlà àárín fún apá ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà ni 4°30′, ìlà yìí sì kọjá ní nǹkan bí 20 kìlómítà sí ìlà oòrùn Èjìgbò, láàrin Èjìgbò àti Òṣogbo. Bí ènìyàn bá ti sún mọ́ ìlà àárín tó, bẹ́ẹ̀ ni àríwá onílà àti àríwá tòótọ́ ṣe ń súnmọ́ ara wọn tó. Ní Èjìgbò, ìyàtọ̀ wọn kò tó ìdá kan nínú ogún dígírì. Ó tọ́ kí a ka méjèèjì sí ọ̀kan, kí ó ku àríwá méjì péré láti bá jà.

3. Ìwọ̀n máàpù: iye tí kì í gbó

1:50,000 túmọ̀ sí pé sẹ̀ǹtímítà 1 lórí ìwé dúró fún 50,000 sẹ̀ǹtímítà lórí ilẹ̀, èyí tí ó jẹ́ 500 mítà. Sẹ̀ǹtímítà 2 ni kìlómítà 1. Lórí 1:100,000, sẹ̀ǹtímítà 1 ni kìlómítà 1. Láti Èjìgbò sí Ẹdẹ ní ọ̀nà tààrà jẹ́ nǹkan bí 23 kìlómítà: 46 sẹ̀ǹtímítà lórí ìkíní, 23 lórí ìkejì. Ọ̀nà tààrà kọ́ ni ọkọ̀ ń gbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó yóò mú òwú, yóò tẹ́ ẹ tẹ̀ lé gbogbo ibi tí ọ̀nà ti yí, yóò sì na òwú náà sórí rúlà. Òwú rọrùn ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tún kan ohun tí ènìyàn fẹ́ rí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ni ó ti fi Abidjan ṣe ilé, débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì nínú ìlú. Láti Èjìgbò sí Abidjan ní ọ̀nà tààrà dín díẹ̀ ní 1,000 kìlómítà. Lórí máàpù 1:50,000, ìyẹn yóò nílò bébà tí ó gùn tó 19 mítà, tí kò sí yàrá ìkàwé tí ó lè gbà á. Lórí máàpù 1:1,000,000, ó dín díẹ̀ ní mítà kan, ó ṣeé tẹ́ sórí tábìlì gígùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà oko Ará ti pòórá pátápátá nínú rẹ̀. Kò sí máàpù tí ó dára ju òmíràn lọ; ìbéèrè tí ènìyàn gbé wá ni ó ń sọ èyí tí ó dára.

Àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí kò ṣàì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ebè ni ó fi ń wọn oko iṣu, igba igba ni ó sì ń kà á. Ohun tí ìwọ̀n yìí kò lè ṣe ni kí ó dé orí bébà láìyí padà, nítorí ebè ọkùnrin kan tóbi ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ọgbọ́n kíkà rẹ̀ wúlò púpọ̀ fún ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ wọnlẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ jíjìnnà tí ó ti rìn yóò kọ́kọ́ rin 100 mítà tí ó ti wọ̀n sílẹ̀, yóò ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, nínú igbó, bí iye náà bá ti pé, yóò mú òkúta wẹ́wẹ́ kan láti àpò ọ̀tún sí àpò òsì. Òkúta 10 ni kìlómítà 1. Kí ó tún ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe nínú oko tí wọ́n ti kọ ebè, nítorí ẹni tí ń la ebè kọjá kì í ṣí ẹsẹ̀ gùn bí ẹni tí ń rin ọ̀nà ọ̀dà.

Ohun tí ó ń gbó nínú máàpù ni àwòrán, kì í ṣe ìwọ̀n. Ní 2001 ni fóònù alágbèéká GSM wọ Nàìjíríà, òpó gíga rẹ̀ ni ó sì tètè ń hàn sí ojú lókè igi ní agbègbè yìí báyìí. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn lórí máàpù àtijọ́. Abúlé mìíràn ti di ahoro, òmíràn ti di ìlú. Ṣùgbọ́n ibi tí odò Erinlẹ̀ ti pàdé Ọ̀ṣun, àti àwọn òkè tí wọ́n fi ìlà ìga-ilẹ̀ yí ká ní ẹsẹ̀ bàtà àádọ́ta-àádọ́ta, wọn kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Láàrin wọn, rúlà ṣì ń sọ òtítọ́.

4. Ìdojúkọ: láti orí bébà sí orí ilẹ̀

Yorùbá ní orúkọ fún apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti oòrùn. Ó dára láti mọ ibi tí ọgbọ́n yìí mọ. Ní Èjìgbò, oòrùn kì í là ní ojú kan náà láti oṣù dé oṣù. Ní ìparí oṣù kẹfà, ní nǹkan bí dígírì 66 ni ó ti ń là. Ní ìparí oṣù kejìlá, ní nǹkan bí dígírì 114 ni. Ìyàtọ̀ náà fi díẹ̀ ju ìdajì igun ọ̀tún lọ. Òjìji ọ̀sán gangan pàápàá ń yí: láti nǹkan bí ìdajì oṣù kẹrin títí dé òpin oṣù kẹjọ, oòrùn ń gba apá àríwá kọjá lórí Èjìgbò, òjìji a sì na gúúsù. Ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ní òjìji ọ̀sán ń tọ́ka àríwá nígbà gbogbo, yóò ṣi ọmọ Ará lọ́nà fún oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ lọ́dún.

Kọ́ńpáàsì kò ní ìṣòro yìí. Láti mú ìdojúkọ lórí máàpù, ènìyàn yóò fa ìlà láti ibi tí ó wà sí ibi tí ó ń lọ, yóò sì wọn igun tí ìlà náà ṣe pẹ̀lú ìlà onígunmẹ́rin tí ó lọ sókè. Láti Èjìgbò sí Ẹdẹ, igun náà jẹ́ nǹkan bí dígírì 145. Ẹni tí ó dúró ní Ẹdẹ tí ó fẹ́ padà yóò fi 180 kún un: 325. Bí ìdojúkọ àkọ́kọ́ bá ju 180 lọ, yóò yọ 180 kúrò. Ìdojúkọ àbọ̀ yìí wúlò ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ, nítorí òun ni ènìyàn fi ń mọ̀ bóyá òun ṣì wà lórí ìlà: yóò bojú wẹ̀yìn, yóò wo ibi tí ó ti kúrò, yóò sì kà á.

Ẹni tí kò mọ ibi tí ó wà yóò wá ohun méjì tí ojú rẹ̀ tó, tí wọ́n sì wà lórí máàpù, bí òkè méjì tàbí òkè kan àti afárá kan. Yóò mú ìdojúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò yí wọn padà sí ìdojúkọ àbọ̀, yóò sì fa ìlà méjèèjì lórí máàpù. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni ó dúró. Bí ìlà méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìdáhùn náà kò ní láárí. Ó sàn kí igun wọn sún mọ́ dígírì 90.

Ohun kékeré kan ni ó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ní oko. Ẹni tí ó ń fi ọ̀nà han akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń mú àdá dání, ó sì máa ń dúró tì í láti wo ohun tí ó ń ṣe. Irin àdá ń fa abẹ́rẹ́. Alùpùpù ń fà á, páànù ilé ń fà á, ẹ̀yìn fóònù tí ó ní mágínẹ́ẹ̀tì ń fà á. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀wọ̀ bẹ bàbá náà kí ó sún sẹ́yìn díẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sì rìn jìnnà sí alùpùpù tí ó gbé e wá.

Kọ́ńpáàsì tí ó ti òkè òkun wá pàápàá lè má jókòó dáadáa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, imú abẹ́rẹ́ tí ó kọjú sí àríwá máa ń tẹ̀ wálẹ̀ gan-an, àwọn tí ń ṣe é a sì fi ìwúwo díẹ̀ sí ìdí rẹ̀ kí ó lè dọ́gba. Níhìn-ín, níbi tí kò jìnnà sí ìlà tí abẹ́rẹ́ ti ń dọ́gba fúnra rẹ̀, tí ó gba apá òkè Nàìjíríà kọjá, ìwúwo náà ni yóò wá fa ìdí abẹ́rẹ́ wálẹ̀, tí yóò fi máa ha ilé rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á kí ó béèrè èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ olóoru.

5. Àríwá tí ń rìn

Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kì í tọ́ka àríwá tòótọ́. Irin yíyọ́ tí ń ṣàn nísàlẹ̀ ayé ni ó ń fà á, ìṣàn náà sì ń yí padà láti ọdún dé ọdún. Nígbà tí wọ́n ń tẹ àwọn ìwé 1:50,000 ní àwọn ọdún 1960, ìyapa àríwá ní apá ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ dígírì púpọ̀ sí ìwọ̀ oòrùn. Láti ìgbà náà ni ó ti ń dínkù. Lónìí, ó kù bí dígírì kan tàbí díẹ̀ sí i. Àwọn tí wọ́n ṣe máàpù mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń kọ iye àyípadà ọdọọdún sí etí rẹ̀, ṣùgbọ́n iye náà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé kọjá ọdún mélòó kan.

Kí ó lè yé, kí a fi dígírì 8 ṣe àpẹẹrẹ ìyapa àtijọ́, kí a sì fi 1 ṣe ti òní. Bí ìyapa bá jẹ́ sí ìwọ̀ oòrùn, fífi kún ni: ìdojúkọ tòótọ́ 145 yóò di 153 lórí kọ́ńpáàsì nígbà náà, yóò sì di 146 lónìí. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé 153 lónìí ti yà ní dígírì 7 sí ọ̀tún. Kò sí ẹni tí yóò fi kọ́ńpáàsì rin 23 kìlómítà dé Ẹdẹ, ṣùgbọ́n bí ó bá rìn ín, yóò fi nǹkan bí kìlómítà 3 tàsé. Ní oko tí ó jìnnà tó kìlómítà 3, àṣìṣe náà jẹ́ nǹkan bí 370 mítà. Nínú ọ̀dàn tí wọ́n ti sun, ojú lè tó o. Nínú igbó kòkó tàbí ní àkókò òjò tí koríko ga ju orí ènìyàn lọ, ó ti tó láti kọjá oko náà láìrí i.

Ó ṣeé ṣe láti mọ ìyapa òní láìwo etí máàpù. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa ń ṣe àtúnṣe sí ìṣirò àgbáyé lórí rẹ̀ ní ọdún márùn-ún márùn-ún, ó sì wà fún ẹnikẹ́ni láti wò. Ẹni tí kò ní i lọ́wọ́ lè wá ojú ọ̀nà kan tí ó lọ tààrà, tí ó wà lórí máàpù, tí kò sì tíì yí padà. Yóò wọn ìdojúkọ rẹ̀ lórí bébà, yóò dúró níbẹ̀, yóò kà á lórí kọ́ńpáàsì, yóò sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Fóònù òde òní máa ń ṣe ìṣirò yìí fún ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀: orí ìpìlẹ̀ ìwọ̀n tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Minna ni àwọn máàpù àtijọ́ wà, sátẹ́láìtì sì ń lo òmíràn. Nọ́ńbà ibi tí fóònù sọ pé ènìyàn wà, bí wọ́n bá gbé e sórí máàpù àtijọ́ láìyí i padà, kì yóò bọ́ sí ojú ibi náà gan-an.

6. Ọ̀rọ̀ ààlà

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti yàrá ìkàwé ni ààlà ilẹ̀. Púláànù tí awọnlẹ̀ tí ó gba ìwé àṣẹ ṣe, tí ó so mọ́ àwọn òpó ìjọba, tí ó sì ka igun rẹ̀ láti àríwá onílà, kì í gbó. Ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀ ẹbí tí wọ́n fi kọ́ńpáàsì lásán yà, tí ó sọ pé kí ènìyàn ti ìdí igi kan lọ ní dígírì báyìí fún mítà báyìí, àríwá ọdún tí wọ́n yà á ni ó wà nínú rẹ̀.

Kí a sọ pé ìlà ààlà kan gùn tó 600 mítà, wọ́n yà á nígbà tí ìyapa jẹ́ 8, ẹnì kan sì fi kọ́ńpáàsì òní tún un fà láìṣe àtúnṣe. Ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kò yí. Ní òpin rẹ̀, ó ti fi nǹkan bí 73 mítà yà. Onígunmẹ́ta tí ó wà láàrin ìlà àtijọ́ àti ìlà tuntun fẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 2.2. Bí wọ́n bá gé e sí púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ó tó púlọ́ọ̀tì 47. Ẹbí kan ti pàdánù rẹ̀, ẹbí kejì ti jèrè rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Gígùn 600 mítà náà péye lójú méjèèjì. Ìdojúkọ nìkan ni ó yẹ̀.

Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n àwọn baba tún ga ju ti kọ́ńpáàsì lọ. Pèrègún ni wọ́n máa ń gbìn sí ààlà, nítorí pé ó le láti kú, kò sì jọ igi tí ó hù fúnra rẹ̀. Bí pèrègún méjì bá ṣẹ́ kù lórí ìlà àtijọ́, tí àwọn àgbà ẹbí méjèèjì sì gbà pé òun ni, awọnlẹ̀ kò ní láti bá ìyapa àríwá jiyàn. Yóò dúró ní ìdí ọ̀kan, yóò wo èkejì, yóò ka ìdojúkọ rẹ̀ lónìí, yóò sì fi wé èyí tí ó wà nínú ìwé. Ìyàtọ̀ tí ó bá rí níbẹ̀ ni yóò fi tún gbogbo ìdojúkọ yòókù ṣe, láti igun kìíní dé igun ìkẹyìn, kí ó tó ri òpó kankan mọ́lẹ̀.